Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Fi Ń Yin Bàbá Mi

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá, 1958

Wọ́n gbé Alágbára lé mi lọ́wọ́ lónìí. Orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn. Bí mo bá tún ní láti máa kọ "strong" sójú ewé tèmi lẹ́yìn tí mo ti ń wò ó látàárọ̀, orí á máa fọ́ mi.

Ọ̀gá Kọ́mà ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àpótí ọ̀rọ̀ náà wá sórí tábìlì mi. Ọ̀gbẹ́ni Pomfret ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, àmọ́ ọkùnrin náà ò lè sọ gbólóhùn kan kó má dúró mí lójú ọ̀nà bí ẹni tó ń fi kọ́mà sí i. "Miss Alderson — ẹ jọ̀ọ́ — kó parí o — kí oṣù kọkànlá tó jìnnà." Àpótí náà kún dẹ́nu. Pélébé ìwé ni gbogbo rẹ̀, táwọn tó ń bá wa kàwé kọ ránṣẹ́: bí àgbẹ̀ ṣe lo ọ̀rọ̀ náà, bí bíṣọ́ọ̀bù ṣe lò ó, bí ẹni tó ń polówó ọṣẹ ṣe lò ó. Èmi ni màá tò wọ́n ní òkìtì òkìtì, tí màá wá sọ ohun tí òkìtì kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí, kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé atúmọ̀ èdè. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ìgbà tí ogun ti parí nìyẹn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ o. Èèyàn lè jókòó síbẹ̀ kó máa lálàá lójú dídá, wọ́n á ní iṣẹ́ ló ń ṣe.

Dilys, ọmọ Wales tó jókòó tì mí, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Alágbára ni wọ́n fún ọ. Èmi, olóríkunkun ni wọ́n kó fún mi. Wọ́n kúkú mọ̀ wá nílé yìí."

Mo délé, Bàbá ò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ tí mo bò sílẹ̀ fún un. Ó ní òun ti jẹun. Kí ló jẹ? Afẹ́fẹ́?

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kẹwàá

Kùrukùru bolẹ̀ láti àárọ̀. Bọ́ọ̀sì rọra ń lọ, a ò rí nǹkan kan níta àfi etí ògiri àti ojú àgùntàn. Mo fi orí ti gíláàsì — mo sì rí Alágbára. Ọkùnrin gìrìpá kan ni. Kò dé fìlà. Ó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn láàárín abúlé, ilé tó bá sì wọ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ yàtọ̀. Ó wọ inú ìkòkò tíì, tíì dúdú. Ó gun orí òkè, afẹ́fẹ́ ń ṣí fìlà lórí àwọn èèyàn. Ó wọ inú wàràkàṣì, òórùn rẹ̀ gba gbogbo kíṣìnnì. Ó wọ inú ìgò, ó ń pa èèyàn bí ọtí. Ó wọ ẹnu awakọ̀ tí táyà rẹ̀ jò, ó di èébú. Ó lọ bá àwọn ọmọ ogun, ó di iye wọn! Ìyẹn ò yé mi rí. Bí àwọn èèyàn bá pé ogójì, tí a ní wọ́n jẹ́ "forty strong", kí ló kan agbára níbẹ̀? Síbẹ̀ bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́ láti ayébáyé, kò sì sẹ́ni tó mú wa sí i.

Alágbára má mèrò. Gbogbo ilé ló ń wọ̀, kò mọ ilé tó jẹ́ tirẹ̀.

Kọndọ́kítọ̀ ló jí mi. "Hilda, ṣé o fẹ́ bá wa sùn ní gáràjì ni?" Mo ti kọjá ibi tí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn padà nínú kùrukùru, inú mi sì dùn, mi ò mọ ìdí ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 9

Tíì Bàbá tutù sínú ife. Mo dà á nù, mo da òmíràn. Ìyẹn náà tutù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11

Mi ò lọ síbi iṣẹ́. Mo jókòó ti Bàbá ní fèrèsé, a jọ ń wo ihò.

Ògiri tó wà ní ẹ̀yìn pápá wa ló wó nígbà òjò ìgbà ooru. Ibi tó wó ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀, àgùntàn tí kò bá sanra jù lè gbabẹ̀ kọjá. Ẹlòmíì á ní kí ló burú níbẹ̀. Àmọ́ pápá Jabez Alderson ni o! Ọkùnrin tó fi òkúta lásán, láìsí sìmẹ́ǹtì, mọ ògiri yí òkè méjèèjì àfonífojì yìí ká. Ọkùnrin tí kò lè kọjá níbi tí òkúta kan ti yẹ̀ lórí ògiri onílé onílẹ̀ kó má dá a padà sáyè rẹ̀. Màmá máa ń ní òun ò lè bá a rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìpẹ́ dé. Bàbá wá jókòó báyìí, ó ń wo ògiri tirẹ̀ tó wó, kò gbé ọwọ́ kan sí i.

Òun nìkan kọ́ ló máa ń mọ ọ́n ṣá. Òun àti Kit Raw ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa nìyẹn: ẹnìkan lápá ìhín, ẹnìkan lápá ọ̀hún, ògiri á máa ga sókè láàárín wọn títí wọn ò fi ní í rí ju fìlà ara wọn lọ. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n á wá máa bú ara wọn. "Jabez, ṣé o ti sùn lọ́hùn-ún ni?" "Kit, òkúta lo gbé yẹn àbí ọ̀dùnkún?" Ní kékeré mi, ọ̀nà ilé ìwé ni mo ti máa ń gbọ́ wọn, mi ò rí ẹnikẹ́ni, mo sì gbà pé àwọn ògiri ló ń sọ̀rọ̀.

Láti ìgbà tí a ti sin Màmá, nígbà tí àwọn àgùntàn ń bímọ, Kit ò tíì wọ ilé yìí. Mi ò béèrè. Bàbá náà ò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Àìkú, 12

Ada Peacock dá mi dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Iwájú ilé wa gan-an ni ilé tirẹ̀ wà, kọ́tíìnì rẹ̀ kì í sì í sinmi. "Hilda, báwo ni bàbá rẹ?" Mi ò tíì lanu tó fi dá ara rẹ̀ lóhùn. "Alágbára ni. Gbogbo wa la ń sọ ọ́. Alágbára ni Jabez." Ó fọwọ́ gbá mi lápá, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lọ́jọ́ ìsìnkú náà nìyẹn. Mo rántí dáadáa. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bíbọ̀ wà lórí tábìlì, tíì wà, kéèkì wà, Bàbá dúró sẹ́nu ọ̀nà nínú kóòtù dúdú rẹ̀, ó ń bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́, omi kankan ò sì yọ lójú rẹ̀. Bí ẹni kan bá ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tán, á yíjú sí èmi, á rọra sọ ọ̀rọ̀ náà sí mi létí, á dé fìlà. Ó ti tó oṣù méje báyìí. Kò tíì sẹ́ni tó padà wá.

Kì í ṣe pé wọ́n burú o. Kí n tó kọ ọ́ tán ni mo ti ń gbèjà wọn. Wọ́n gbà pé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ń fẹ́ àyè ni. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa níbí nìyẹn: a kì í wọ ilé ẹni tí kò pè wá, a kì í sì í pe ẹni tó lè ní nǹkan mìíràn láti ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14

Mo rí òkìtì kan tí mi ò mọ ibi tí màá gbé e sí.

Gbogbo àwọn tó kù ti ní àyè wọn. Tíì wà pẹ̀lú kọfí. Afẹ́fẹ́ wà pẹ̀lú omi odò. Òórùn wà lọ́tọ̀, ọtí wà lọ́tọ̀. Apá àti ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn àgbẹ̀, ìyẹn ló pọ̀ jù. Ló wá ku òkìtì kékeré yìí. Opó tó lágbára níbi ìsìnkú. Bàbá tó lágbára nítorí àwọn ọmọ rẹ̀. Má sunkún, o gbọ́dọ̀ lágbára. Ọmọbìnrin rẹ lágbára, ọ̀rẹ́ mi, a ò rí ẹkún lójú rẹ̀.

Mo kà wọ́n, mo tún wọn kà. Òjò ń rọ̀ sí gíláàsì. Mo wá rí i pé, nínú gbogbo wọn, ẹni tó ń sọ ọ́ ti ń lọ. Ó ti dé fìlà. Ó ti di ilẹ̀kùn mú. Ọkọ̀ ojú irin ń dúró dè é. Mo wá ẹyọ kan péré tí ẹni tó sọ ọ́ ti fà sítúlù tó jókòó. Kò sí.

Dilys ní kí ló ṣe mí tí ojú mi rí bẹ́ẹ̀. Mo ní eruku ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 17

Mo lọ pe dókítà. Bàbá bínú, ó ní mò ń fi òun ṣe ẹlẹ́yà lójú abúlé. Dókítà gbá a láyà, ó gbá a lẹ́yìn, ó gbọ́ ọkàn rẹ̀. "Ẹ́ńjìnnì yín ṣì ń ṣiṣẹ́, Mr Alderson. Ẹ lágbára fún ọjọ́ orí yín." Bàbá ní, "Ẹ ṣé, Dókítà," bí ọmọ ilé ìwé.

Mo sìn ín dé géètì. Mo ní, "Dókítà, kì í jẹun. Okùn ló fi ń di ṣòkòtò rẹ̀ báyìí." Dókítà wolẹ̀. Ó ní ó gbọ́dọ̀ jẹun kí òtútù gidi tó dé, nítorí kò sí ẹran lára rẹ̀ tó lè fi bá òtútù jà. Ó ní irú èyí, òun ò ní oògùn rẹ̀ nínú báàgì. Ó wọ mọ́tò.

Jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní í rí i. Bí nǹkan bá ń bá a lọ báyìí, bàbá mi ò ní í rí ọdún Kérésì. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti lé lógójì ọdún, iṣẹ́ mi ni kí n máa sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ fún gbogbo ayé, mi ò sì mọ ọ̀rọ̀ tí màá sọ tí bàbá mi á fi jẹ búrẹ́dì.

Ọjọ́ Ajé, 20

Mo tún sùn lọ nínú bọ́ọ̀sì. Màmá wá jókòó tì mí. Ó wọ épúrọ́ọ̀nù rẹ̀ tó ní òdòdó, ó gbé páì sórí itan, aṣọ bò ó. Kò yà mí lẹ́nu. Ó ní iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe lọ́wọ́. Mo sọ fún un. Mo ní ọ̀rọ̀ tí gbogbo abúlé fi ń yin Bàbá ni.

Ó rẹ́rìn-ín títí páì fi ń mì lórí itan rẹ̀. "Jabez? Jabez tèmi? Bí ẹ̀gún bá ha sí i lọ́wọ́, èmi ló ń wá sílé wá pè. Ta ló lọ parọ́ yẹn fún wọn?"

Mo fẹ́ bi í ní nǹkan mìíràn. Bọ́ọ̀sì dúró. Obìnrin kan tó gbé adìyẹ dání ló jókòó tì mí.

Mo rántí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Òótọ́ ni. Màmá ló máa ń yọ ẹ̀gún náà. Yàrá òkè ni wọ́n ti máa ń ṣe é, wọ́n á sì tilẹ̀kùn.

Ọjọ́bọ̀, 23

Ó jẹ ẹyin ààbọ̀. Àjọ̀dún ni!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25

Mò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní yàrá òkè. Mo bojú wòta, mo rí Kit Raw ní géètì wa. Ó fi apá méjèèjì lé e, ajá rẹ̀ jókòó sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Mi ò mira. Bàbá wà nísàlẹ̀, lójú fèrèsé rẹ̀. Mo rí ọwọ́ Bàbá tó yọ, ó gbé e sókè. Kit náà gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè. Ó dúró díẹ̀. Ó yí padà, òun àti ajá rẹ̀, wọ́n gba ọ̀nà òkè lọ.

Mo sáré sọ̀ kalẹ̀, ìrọ̀rí wà lọ́wọ́ mi. "Bàbá, Kit ni yẹn!"

"Mo rí i."

Mo ní kí ló dé tí kò wọlé. Bàbá ní kò fẹ́ wọlé ni. Ó ní, "Mo juwọ́ sí i pé kó máa bọ̀, ó juwọ́ sí mi pé ó dàbọ̀. Bó ṣe ń ṣe láti ìgbà ooru nìyẹn. Ó ń wá wò mí ni, bóyá mo ti kú."

"Ẹ ò ṣe wá pè é?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó bọ́ṣọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. "A kì í fi tiwa da ẹlòmíì láàmú, Hilda. Kit ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe."

Iṣẹ́ wo? Ẹni àádọ́rin ọdún ó lé! Ajá nìkan ló ní.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28

Èmi àti Ọ̀gá Kọ́mà jà. Ìjà wa níbí ò ju kí èèyàn rọra gbé pẹ́ńsù sílẹ̀ lọ.

Ohun tí mo kọ fún òkìtì kékeré yẹn ló fà á. Mo kọ ọ́ pé: *ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ tí kò jẹ́ kí a rí ẹkún òun, àwọn aládùúgbò ló máa ń sọ ọ́, nígbà tí wọ́n bá ń lọ.* Ó kà á. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Miss Alderson — a kì í — fi aládùúgbò sínú ìwé atúmọ̀ èdè."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n sà, kò sí ẹlòmíì tó ń lò ó."

Ikọ́ tí kì í ṣe ikọ́ gbé Dilys. Ọ̀gá Kọ́mà fi pẹ́ńsù fa ìlà sórí ọ̀rọ̀ mi. Ó ní kí n kó òkìtì náà pọ̀ mọ́ àwọn ọlọ́kàn líle, àwọn tí ìpinnu wọn kì í yẹ̀. Níbẹ̀ ni Bàbá wà báyìí, láàárín àwọn ọ̀gágun àti àwọn olówó báńkì.

Kò burú. Ìwé tirẹ̀ ni.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Oṣù Kọkànlá

Mo lọ sí ilé Kit lẹ́yìn ìsìn. Kí n kọ ọ́ kí ìtìjú tó jẹ́ kí n gbàgbé.

Ó ń la igi ìdáná lẹ́yìn ilé. Ó ní kí n jókòó síbẹ̀, ó gbé tíì fún mi, tíì tó dúdú bí irú èyí tí ṣíbí lè dá dúró nínú rẹ̀. Ó padà sídìí àáké rẹ̀, a sì ń sọ̀rọ̀ òjò. A sọ̀rọ̀ àgbò tí ẹnìkan rà ní ọjà Hawes. A sọ ti ajá. Ẹnu mi wúwo. Ara mi ṣe mí bí ìgbà tí mo wà lójú àlá tí ẹsẹ̀ ò gbéra. Mo rí iná ààrò rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn, mò ń wò ó, mò ń wò ó, mo wá gbọ́ ohùn ara mi.

"Kit, bàbá mi ò lágbára."

Ẹ̀jẹ̀ sáré bo ojú rẹ̀. "Má sọ bẹ́ẹ̀ nípa bàbá rẹ! Lójú mi báyìí ni Jabez ṣe gbé òkúta tí ẹṣin ò lè wọ́."

Mo ní ọjọ́ wo nìyẹn? Mo ní kò lágbára. Kì í jẹun, kì í jáde, ògiri rẹ̀ wó, ó ń wò ó. Mo ní tí ẹnikẹ́ni ò bá wọlé tọ̀ ọ́, ó máa kú sórí àga yẹn, gbogbo abúlé á sì tún wá jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kí wọ́n sọ fún mi pé èmi náà lágbára. Mi ò mọ ibi tí ẹnu yẹn ti wá.

Kit fi àáké sílẹ̀. Ó ní, "Mo ti dé géètì yín lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ń juwọ́ sí mi pé òun wà dáadáa, kí n máa lọ. Mo ní ọkùnrin náà fẹ́ dá wà. Ta ni mo jẹ́ tí màá lọ máa da ọ̀fọ̀ ọlọ́fọ̀ rú?"

Olúwa mi! Ọwọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jù! Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún náà fẹ́ pa mí, mo sì ní, "Ó ń pè yín ni. Ó ní kí ẹ máa bọ̀."

Mo rò pé á dìde, kí a jọ máa lọ. Kò dìde. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní ajá òun ò tíì jẹun. Ó wọlé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Kit ò wá.

Ọjọ́rú, 5

Àwọn ọmọdé dáná ńlá sí pápá abúlé bíi ti ọdọọdún. Èéfín rẹ̀ wọlé wá bá wa. Nígbà kan rí, Bàbá ló máa ń to igi rẹ̀. Mo ní ṣé kí a jáde lọ wò ó. Ó ní kí n lọ wò ó wá fún òun.

Mi ò lọ. Mo jókòó, èéfín rọra ń rìn nínú yàrá, ó dà bíi pé a wà nísàlẹ̀ omi, èmi àtiẹ̀. Bàbá ti fúyẹ́ jù.

Ọjọ́bọ̀, 6

Kí ni mo ṣe yìí? Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́, ó ti fọ́. Ohun kan ṣoṣo tí bàbá mi ní lọ́wọ́ ni kí àwọn èèyàn máa sọ ọ̀rọ̀ yẹn nípa rẹ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò sì fi nǹkan kan dípò rẹ̀. Tí Kit bá sọ ọ́ fún Ada, tí Ada bá gbé e dé ọ́fíìsì ìfìwéránṣẹ́! Ojú wo ni Bàbá máa fi wò mí?

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Mo dá àpótí Alágbára padà fún Ọ̀gá Kọ́mà. Ó ní — ó dára — gan-an. Mi ò gbọ́ ìyókù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Màá kọ ọ́ bó ṣe wá.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tí Bàbá ò jẹ, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn iwájú. Ilẹ̀kùn iwájú! Kò sẹ́ni tó ń gba ibẹ̀ ní abúlé yìí. Kíṣìnnì ni gbogbo wa ń gbà. Ti iwájú, àlùfáà ló ni ín, ìyàwó tuntun ló ni ín, òkú ló ni ín. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé pósí Màmá gbabẹ̀ jáde ni a ò ti ṣí i.

Mo fà á, kò gbọ́. Omi òjò ti wọ igi rẹ̀ lára. Mo gbọ́ ohùn níta: "Fà á, Hilda, èmi náà ń tì í!" Mo fà, ó tì, mo fà, ó tì, ilẹ̀kùn já wọlé lójijì, Kit Raw bá a wọlé, díẹ̀ ló kù kó ṣubú lé mi. Kóòtù ọjọ́ ìsinmi ló wọ̀. Ó ti fá irùngbọ̀n. Ó dúró sórí kápẹ́ẹ̀tì, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá ní, "Kit."

Kit ní, "Jabez."

Ó na ìka sí fèrèsé. Kit ní, "Ògiri rẹ wó."

"Mo mọ̀."

Atẹ́gùn ń gba ilẹ̀kùn wọlé. Bàbá ní, "Ta ló rán ọ wá?"

Mo gbàdúrà pé kó parọ́. Àmọ́ Kit ò mọ irọ́ pa, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lónìí. "Ọmọ rẹ ni. Ó ní o ò lágbára."

Bàbá yíjú sí mi. Ojú aláwọ̀ sánmà yẹn, ó ti pẹ́ tó ti wò mí báyìí, tó rí mi. Mo dúró de ìbínú rẹ̀. Mo ní kó bínú, kò burú, ẹni tó ń bínú ò tíì kú.

Ó ní, "Ó pẹ́ kó o tó sọ ọ́."

Ó wá yíjú sí Kit. "Mi ò lágbára, Kit. Mi ò lágbára rárá. Mi ò mọ bí ìyá Hilda ṣe ń se ògì ọ́ọ̀tì yẹn. Hilda ń sè é, kò rí bákan náà, mi ò lè sọ fún un. Mi ò mọ ibi tó ń kó ìbọ̀sẹ̀ mi sí. Mò ń jí láàárọ̀, mò ń gbọ́ bí ẹni pé ó wà nísàlẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀, kò sí. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ̀ kalẹ̀, Kit. Ojoojúmọ́ ni kò sí."

Ẹkún gbé e. Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí láyé mi. Kì í ṣe ẹkún tí èèyàn ń fi áńkáṣíìfù nù, ó ń ti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ wá, ó ń gbọn àga. Kit ju fìlà rẹ̀ sílẹ̀. Ó wọ́ àga kan wá, ó jókòó kò ó lójú, orúnkún kan orúnkún, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Ó ń sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Jabez. Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni." Òun náà ń sunkún, imú rẹ̀ ń ṣe omi bíi tọmọdé.

Mo bojú wòta. Ada Peacock dúró sójú títì pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, ó la ẹnu sílẹ̀. Mo sáré sí ilẹ̀kùn kí n tì í. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí gbogbo ọmọ bíbí abúlé yìí á ṣe nìyẹn.

Bàbá ní, "Fi í sílẹ̀, Hilda. Jẹ́ kí wọ́n gbọ́."

Mo yọwọ́. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, gbogbo ẹkún ń jáde lọ sójú títì. Mo wo Ada, Ada wò mí. Mo mọ ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀, mo rí i tó ń wá a. Kò sọ ọ́. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù, ó la ọ̀nà kọjá, ó ṣí géètì wa, ó wá dúró sí àtẹ̀gùn.

"Jabez," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré, "ṣé kí n wọlé?"

Bàbá mi ní, "Wọlé."